Igbó Páánù tí Mo Lọ Wò ní Odigbo

Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé báwo ni ìlú ọ̀hún ti rí, ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Mo ti purọ́ díẹ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ bi mí ní gáréèjì. Mo ní ibẹ̀ dára, mo ní ara mi yá. Ibẹ̀ dára lóòótọ́. Ara mi ni kò yá.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Onípàǹtí, tó ń fi táyà, agolo àti wáyà ṣe ẹyẹ àti igi lẹ́yìn ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀dọ̀ fọkanáísà ló máa fi júwe rẹ̀. Mo ti gba ìyẹn. Ohun tí mi ò lè gbà ni ti Bọ́sẹ̀dé.

Ẹ ó rántí Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Ìkálẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́rin. Ó ku oṣù mẹ́fà kó ṣe fírídọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń kó irinṣẹ́ lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ tí á sì gbàdúrà fún un lójú gbogbo èèyàn, ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lórí àga. Ó ti lọ. Ẹ sì rántí ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nípa ọmọ náà káàkiri àdúgbò. Mo ní aláìmoore ni. Mo ní ẹni tó bá sá kúrò nídìí iṣẹ́ kò ní rí iṣẹ́ ṣe.

Ọdún márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ fọkanáísà na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní kí n wá wo nǹkan. Àwòrán igbó ni, igbó tí wọ́n fi páánù àti táyà ṣe, tí èèyàn ń rìn wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ilé. Kí n tó bi í pé ta ló ṣe é ni mo ti rí i lára èèpo igi. Bí mo ṣe máa ń la táyà kí ó lè rí gbágungbàgun bí èèpo igi gidi ni wọ́n ṣe là á. Oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Bọ́sẹ̀dé fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ọ̀gá mi, iṣẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìyá mi àti àwọn àgbà ìjọ wa ní a ò gbọdọ̀ ṣí i fún ará ìlú títí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ á fi gbàdúrà fún mi. Mo bẹ̀ yín, mà, ẹ dákun ẹ wá."

Mo lọ. Ẹ má rò pé àdúrà ni mo gbé lọ. Àṣà iṣẹ́ wa ni pé ọ̀gá á yẹ iṣẹ́ wò kó tó la ẹnu àdúrà. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá rí àbùkù kan ṣoṣo, mi ò ní gbàdúrà kankan, màá sì fi ẹ̀tọ́ wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ore

Ẹni tó bá ti Òkè-Ògùn wá á kọ́kọ́ rò pé wọ́n fi aṣọ bo òun lójú. Nílé, bí ojú bá ń wá nǹkan wò, ó máa rí òkúta níwájú, ó máa rí òkè lẹ́yìn. Lọ́hùn-ún, igi ni, ẹ̀yìn igi, igi. Ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́ wọn débi pé ìwé tí mo kó sínú báàgì rọ̀ kí n tó dé.

Ore fúnra rẹ̀ kò jọ ìlú tó ń sùn. Gbogbo ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ló ń dúró níbẹ̀ jẹun, àwọn ọlọ́jà sì ń sáré tọ ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, búrẹ́dì àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Obìnrin ẹlẹ́ran kan wò mí tòkè tilẹ̀, ó sì sọ pìjínì sí mi. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bí ẹ ṣe ń wo nǹkan ló jẹ́ kí n rò pé ẹ ò gbọ́ èdè wa." Mo wá mọ̀ pé mo ti di àlejò.

Mo ní kí n bi ọlọ́kadà kan ní ọ̀nà. Ọkùnrin náà so tẹ̀súbáà mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. Mi ò tíì yanu tó fi sọ pé, "Ìyá, Igbó Bọ́sẹ̀dé lẹ ń lọ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹmú ló yọrí nínú báàgì yín yẹn. Ẹni tó bá gbé irinṣẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ náà ló ń lọ."

Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a ti ń lọ sí Odigbo ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn. Ó ní táyà méjì ni òun fún un. Ó ní òun fúnra òun ni òun fi ọwọ́ ara òun so wọ́n, lápá òsì ẹnu ọ̀nà, pé kí n ṣáà wò ó bí mo bá dé ibẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa ọmọ rẹ̀ tó yege ìdánwò. Ẹ̀yin ará ilé, mo ti gba táyà lọ́wọ́ yín fún ọgbọ̀n ọdún. Èwo nínú yín ló ti sọ fún àlejò rí pé táyà tòun wà lára ẹyẹ mi? Ó ta mí lára lórí alùpùpù náà.

Ilé ìyá rẹ̀

Ìyá Bọ́sẹ̀dé jù mí lọ dáadáa. Irun orí rẹ̀ ti funfun bí aṣọ àdúrà tó wọ̀. Aládùúrà ni wọ́n. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, obìnrin àgbà yẹn kúnlẹ̀ fún mi nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá ọma mi, ẹ ghọ ulé o."

Mo sáré gbé e dìde. Ìtìjú mú mi, nítorí mo mọ ohun tó wà nínú mi. Èdè wọn kò jìnnà sí tiwa bí èèyàn bá fara balẹ̀. Ẹ wọlé ló ń wí: ilé ni wọ́n ń pè ní ulé, ọmọ ni ọma. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà bá yára, mo máa ń jókòó bí ẹrù. Wọ́n á wá yíjú sí mi, wọ́n á tún un sọ lọ́nà tí màá fi gbọ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n, ìyẹn gan-an sì ń bí mi nínú. Bí wọ́n bá ti hùwà àìdáa sí mi ni, iṣẹ́ mi ì bá rọrùn.

Bọ́sẹ̀dé wọlé láti ibi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀, kò gbójú sókè. "Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àpá wáyà wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀, níbi tí tèmi gan-an wà. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni, "O ti gbẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ó wí.

Wọ́n gbé púpùrù wá pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó. Ẹ̀gẹ́ ni púpùrù. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á fi sórí àjà iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Bí wọ́n bá ha á, inú rẹ̀ funfun. Òórùn èéfín máa ń wà lára rẹ̀, ọbẹ̀ náà sì dúdú, ó kún fún ẹja. Mo bu òkèlè méjì, mo ní mo ti yó. Ìyá náà ní, "Kò bá yín lára mu?" Mo ní ìrìn ló rẹ̀ mí. Owú kò fẹ́ alábàágbé nínú ikùn.

Inú igbó náà

Ilé ìkó-kòkó àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ti lọ ló wà lọ́nà Ajue. Inú rẹ̀ ni ó ṣe igbó sí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú mi débẹ̀. Mo wo apá òsì ẹnu ọ̀nà, mo rí táyà méjì ọlọ́kadà.

Ẹni tó bá ti inú oòrùn wọlé, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Igi ló yọ, igi onítáyà, ó lé ní ogún. Gbòǹgbò wọn jẹ́ sáláńsà, ìyẹn páìpù èéfín ọkọ̀, tó ti jábọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń wọ́ nílẹ̀. Ìtàkùn jẹ́ okùn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ìdérí ìkòkò di olú lára igi tó ṣubú. Wọ́n sín ìdérí ìgò ọtí bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n so ó rọ̀ láti òkè, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, ẹ ó gbọ́ òjò tó ń bọ̀ láti inú oko. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni àràbà ńlá kan dúró, gíga rẹ̀ tó èèyàn mẹ́rin, ilẹ̀kùn mọ́tò ló fi ṣe ìyẹ́ gbòǹgbò rẹ̀.

Mo gbójú sókè. Páánù tí àwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n fi ìṣó lu níhò, òun ló fi ṣe ewé. Ó pọ̀ bí nǹkan míì. Oòrùn gba inú ihò wọn wá, ó kán sílẹ̀ bí ẹ̀kán omi, sára táyà, sí apá mi. Bí oòrùn ṣe ń yí ni ó ń rìn. Bí ó ṣe máa ń rí nínú igbó gidi nìyẹn, ẹ̀yin tó ti wọ igbó rí lẹ mọ̀.

Mo dúró. Mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Nígbà tí mo rántí, inú bí mi pé mo gbàgbé.

Mo ti ń fi òwe kan tu ara mi nínú láti Ṣakí, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo wò yí ká. Àkísà tirẹ̀ ti ju tèmi lọ pẹ̀lú.

"Ta ló ní kí o fi páánù ẹ̀gẹ́ ṣe ewé?" ni mo bi í.

"Ìyá mi ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, mà. Ó gbé páánù náà sókè láti gbọn ọ́n, ni mo rí oòrùn lára aṣọ funfun rẹ̀."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń rí páánù oníhò. Mi ò rí oòrùn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Obìnrin kan láti Omifunfun wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ó fi páánù mẹ́ta hàn mí lókè, ó ní tòun ni. Òun ló jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Àáró ni. Bọ́sẹ̀dé máa ń lọ sí oko wọn, á bó ẹ̀gẹ́ fún wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tó bá fi ṣe tiwọn, wọn á fi ọjọ́ kan so wáyà fún un. Ohun tí kálukú bá sì mú wá, ọwọ́ onítọ̀hún ló gbọ́dọ̀ so ó. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wá wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín, kò ní ibi kankan nínú, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, irú rẹ̀ mélòó lẹ ti ṣe ní Ṣakí?"

Mo ní, "Ti Ṣakí yàtọ̀."

Bọ́sẹ̀dé yára sọ pé, "Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń la táyà. Mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn." Kò purọ́, wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀ kí n tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i lọ́jọ́ náà.

Ẹsẹ̀ àràbà

Mo ní kí gbogbo wọn jáde, pé mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò. Mo mú ẹmú mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo fa wáyà, kò tú. Mo fi ọwọ́ pa gbogbo etí páánù, wọ́n ti ká a wọnú kí ó má baà ya ọmọdé lọ́wọ́. Mo gun àkàbà, èmi àgbàlagbà, mo ń wá ibi tí okùn ti yọ̀. Bí mo ṣe ń wá a tí mi ò rí i ni inú mi ń le sí i. Òógùn bò mí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀sán kí n tó kúnlẹ̀ nídìí àràbà ńlá náà.

Mo fi ẹmú ha ẹsẹ̀ irin rẹ̀, níbi tó ti wọ ilẹ̀. Ìpẹtà ṣí kúrò bí èèpo iṣu. Mo tún ha. Mo lù ú, kò dún bí irin, ó dún bí igi tí ikán ti jẹ. Mo fi ìka tì í, ìka mi wọlé.

Ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Òjò kan ṣoṣo tó bá ní ìjì nínú, igi náà á wó. Gbogbo ìlú á rí i.

Mo gbá ilẹ̀ bo ibẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Bọ́sẹ̀dé dúró sí ìta, ó pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ra. "Ṣé ó dáa, mà?"

Mo ní, "Mo ṣì ń wò ó."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ púpùrù tán, mo ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé oúnjẹ wọn ti bá mi lára mu. Ó dùn lóòótọ́. Ọbẹ̀ dúdú yẹn, ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn ló yẹ kó jẹ ẹ́. Èrò mi ni pé láàárọ̀ màá kàn sọ pé iṣẹ́ náà kò tíì pé, mi ò ní sọ ibi tó ti kù. Kí ó máa wá a fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo ti di ẹrù mi. Mo ní kí n lọ sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo bá àwọn obìnrin ìjọ wọn nínú igbó náà, àwọn tó bá a so wáyà, wọ́n wá fi orin dán ohùn wò fún ọjọ́ fírídọ̀mù. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n sì bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ó ní ibi tó bá dákẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ òun kì í fẹ́ fi bàtà wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ará ilé, àwọn èèyàn máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n á sì béèrè pé kí ni ẹyẹ yìí ń ṣe.

Obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n. Ó fara ti àràbà náà, ó ń kọrin, ó ń mi ọmọ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbé lé e. Mo wo ẹsẹ̀ igi náà. Mo wo ọmọ náà.

Bọ́sẹ̀dé rí mi, ó rò pé ẹ̀rù igi ló ń bà mí. Ó gbá igi náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó sọ fún gbogbo wọn pé, "Igi yìí ò lè mì. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe rì í mọ́lẹ̀, gígùn apá kan, mo gún ilẹ̀ mọ́ ọn. Òun ló ní ilẹ̀ ló ń di irin mú."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn ara mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ṣakí, ilẹ̀ wa gbẹ, òkúta ló wà nísàlẹ̀, irin tí mo rì mọ́lẹ̀ lójú ọjà láti ogún ọdún ṣì wà níbẹ̀ gbọnin. Ní Odigbo, bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, omi á yọ. Ọmọ náà mọ ilẹ̀ ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ló gbé ga ju ohun tó mọ̀ lọ. Àbùkù kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo igbó yẹn, tèmi ni.

Mi ò ní parọ́ pé àánú ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé bí igi yìí bá wó, wọ́n á ní bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àánú tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Mo ní, "Ẹ kúrò nídìí igi yẹn. Gbogbo yín, ẹ rọra kúrò."

Wọ́n kúrò. Mo hú ilẹ̀, mo fi ìka mi hàn wọ́n bí ó ṣe wọ inú irin. Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀, ó fi ìka tirẹ̀ náà tì í. Ó yíjú sí mi.

"Ìgbà wo lẹ rí i, mà?"

Mo lè sọ pé nísinsìnyí ni. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

"Lánàá," ni mo wí.

Ó wò mí. Ó wo obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní kí ẹnì kan sáré lọ pe àwọn tó ń jó irin ní Ore.

Iṣẹ́

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti àárọ̀ Sátidé la fi ṣe é. Ọlọ́kadà onítẹ̀súbáà yẹn kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n fi okùn fa àràbà láti ọ̀nà mẹ́rin kí ó má baà ṣubú, wọ́n ń kọrin láti fi mọ ìgbà tí wọ́n á fà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tó jẹrà dànù. A kó òkúta, a fi sìmẹ́ǹtì mọ ìpìlẹ̀ tó ga kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Èmi ni mo po sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí báyìí.

Bọ́sẹ̀dé kò bá mi sọ̀rọ̀ tó ju ti iṣẹ́ lọ. "Ẹ mú okùn yìí, mà." "Ẹ sún, mà." Kò rí mi fín, kò sì rẹ́rìn-ín. Níbi tí mo ti ń ru omi ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ti wá láti fi àdúrà dù ú. Ní báyìí, mo ń rò ó pé kò ní fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi mọ́, ó sì ń dùn mí ju gbogbo owú tí mo ti jẹ lọ.

Lọ́sàn-án, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sílé, ó wọ aṣọ funfun, ó padà wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi lórí iyẹ̀pẹ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó ní, "Ọ̀gá mi, àwọn èèyàn ti pé."

Àdúrà

Inú igbó náà la ti ṣe é. Ìyá rẹ̀ gbé omi àti oyin wá. Mo yọ ẹmú mi, èyí tí mo ti ń lò kí wọ́n tó bí Bọ́sẹ̀dé, mo gbé e lé e lọ́wọ́ méjèèjì. Mo gbàdúrà pé wáyà kò ní ta sí i lójú. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n. Mo ní ohun tí ayé bá sọ nù, yóò máa bá ìlò rẹ̀ pàdé. Wọ́n ń ṣe àmín, ìdérí ìgò ń dún lókè.

Ó wá ku èyí tó máa ń kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sí fírídọ̀mù rí lẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ fún ọmọṣẹ́ pé, "O ó jù mí lọ." Mo ti sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ mọ́kànlá, kò sì ni mí lára rí, nítorí mo mọ̀ pé kò sí èyí tó máa jù mí lọ nínú wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi kọ̀. Gbogbo wọn ń retí. Ìyá rẹ̀ la ojú rẹ̀, ó wò mí, ó sì rọra tún dijú.

Mo sọ ọ́. Ohùn mi kò ròkè, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́, àmín wọn sì kún inú ilé náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Mo tẹríba láti gbé Bọ́sẹ̀dé dìde, ẹnu mi súnmọ́ etí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dákun, mà, ẹ má bínú sí mi mọ́ pé mo lọ."

"Mi ò bínú," ni mo wí. "Mo ń jowú ni."

"Mo mọ̀, mà. Láti ọjọ́ tí ẹ tú lékeléke mi ká ni mo ti mọ̀. Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn."

Lékeléke kan ni, tó fi sálúbàtà funfun àti wáyà ṣe ní ọdún kẹrin rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Àlejò kan ti Ìbàdàn wá, ó kọjá gbogbo iṣẹ́ mi, ó lọ dúró síwájú rẹ̀, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tú u sí wẹ́wẹ́. Mo sọ fún ọmọ náà, mo sì sọ fún ẹ̀yin náà tí ẹ bi mí, pé wáyà ló wọ́n wa.

Wáyà kò wọ́n wa. Ó kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.